Bẹ́ ẹ ṣe lè kojú ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ tẹ́ ẹ ń dá lójoojúmọ́: ìtọ́sọ́nà fáwọn ará wa n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí ṣáá, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, pàápàá tí ìsọjí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí: "Mo ti jẹ́wọ́, mo ti gbààwẹ̀, mo ti sunkún níwájú pẹpẹ, kí ló wá dé tí mo tún ń padà sídìí nǹkan yìí?" Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé èèyàn dé tọ́lọ́pàá ni wọ́n sábà máa ń sọ o. Èyí tí ò hàn síta ni, irọ́ orí fóònù, owó tí ò pé, ìlara, àwòrán tí wọ́n ń wò lóru, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n ń fi àdúrà bò.

Ohun tí mo rí ni pé lápapọ̀ la máa ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan la máa ń dá a. "Olúwa, dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí" dáa, àdúrà gidi ni, àmọ́ kò tíì dé orí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó wà lọ́wọ́ yín tí kì í ṣe tiyín. Torí náà ohun tí mo tò síbí yìí, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ìgbésẹ̀ 5 àti 6, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé kékeré kan àti bírò. Ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù, àwọn ọmọ ń gbà á ṣeré, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ò yẹ.
- Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́nikẹ́ni ò ní pè yín. Ìdájí dáa ju alẹ́ lọ, lálẹ́ ó ti rẹ èèyàn.
- Bíbélì. Ẹ sàmì sí Orin Dáfídì 139:23-24, Òwe 28:13, Léfítíkù 6:1-5 àti Jákọ́bù 5:16.
- Ẹ ò nílò ààwẹ̀ kankan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹun. Àwọn kan máa ń fi "màá gbààwẹ̀ ná" sún un síwájú títí ọdún á fi parí.

Ìkìlọ̀ tó ṣáájú gbogbo ẹ̀: tó bá jẹ́ pé ohun tó wà ní ìkọ̀kọ̀ yẹn ni pé ẹnì kan ń lù yín, tàbí ẹnì kan fipá bá yín lò pọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́ nìyẹn, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé yìí rárá, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè dáàbò bò yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ yín ti kúrò ní tèmi, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa fi àdúrà bò ní ọ́fíìsì pásítọ̀, ìjọba ló ni ín, kẹ́ ẹ sì kúrò nítòsí ọmọ yẹn lónìí yìí.

Àwọn wo gan-an là ń sọ?

Ẹ jẹ́ n dárúkọ wọn, torí tá a bá ń pè é ní "àwọn nǹkan kan" kò ní jáde láé.

Òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gàrí, ẹ mọ kóńgò tí wọ́n ti gbá ìdí ẹ̀ wọnú, ẹ sì mọ èyí tí wọ́n fi páálí tẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ mọ gàrí tí wọn ò jẹ́ kó kan dáadáa tí wọ́n sì ń pariwo pé gàrí Ìjẹ̀bú gidi ni. Àwọn tó ń ta obì lágbègbè Ṣàgámù mọ apẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé èyí tó ń dán ló wà lókè, èyí tí kòkòrò ti jẹ ló wà nísàlẹ̀. Òwe 11:1 sọ pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa, mi ò rí ibi tó ti yọ ọjà tiwa sílẹ̀.

Irọ́ ojú ọ̀nà. Ẹ ò tíì wẹ̀ nílé n'Ílíṣàn, ẹ ń sọ fún ẹni tó ń dúró dè yín ní Ṣàgámù pé "mo ti wọ Sábó". Ẹnu ti mọ́ ọn lára débi pé a ò kà á sí irọ́ mọ́. Ẹni yẹn dúró sínú oòrùn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu yín o.

Ìlara àti àṣehàn. Èyí pọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa, mo sì fẹ́ ká sọ ọ́ láìbínú síra wa. Ojúde Ọba dùn, ọjọ́ kẹta Iléyá ni gbogbo regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, máa ń jáde pẹ̀lú aṣọ wọn, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ. Àmọ́ ẹni tó yá owó ilé ìwé ọmọ fi ra aṣọ ẹgbẹ́, tó wá sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ pé ẹnì kan ló fún òun, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló ti dá yẹn kí ẹṣin tó dé ojúde. Ẹni tó sì wà nílé tó ń wo fọ́tò ojúgbà ẹ̀ lórí status tínú ẹ̀ ń bà jẹ́, tó wá ń wá àléébù kan tó máa sọ nípa onítọ̀hún, òun náà wà níbẹ̀.

Àdúrà tó ti di òfófó. "Ẹ jẹ́ ká rántí Sister yẹn nínú àdúrà o, ẹ ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílé ọkọ ẹ̀ ni?" Kí wọ́n tó ṣe àmín, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ti gbọ́.

Fóònù lóru, kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìbínú inú ilé náà wà ńbẹ̀: ẹni tó ń kọrin lókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó dé ilé tí kì í dá aya ẹ̀ lóhùn fún odindi ọ̀sẹ̀. Owó ìjọ tí akápò "yá" láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Iná tí wọ́n fà tí ò gba inú mítà kọjá. Òrùka tàbí ìgbàdí tí bàbá fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ ṣì ń gbé nídìí torí ìbẹ̀rù, tẹ́ ẹ sì ń gba oúnjẹ Olúwa. Àwọn ará Éfésù kó ìwé idán tiwọn jáde, wọ́n sun ún lójú gbogbo èèyàn, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19:19 sọ pé iye owó ẹ̀ tó 50,000 owó fàdákà. Wọn ò tà á, wọn ò sì fi í pamọ́ de ọjọ́ míì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pè é lórúkọ ẹ̀

Ẹ ka Orin Dáfídì 139:23-24 sókè, ẹ sọ ọ́ di àdúrà tiyín, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ohun tó bá kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn tẹ́ ẹ sì fẹ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun gan-an ni kẹ́ ẹ kọ.

1. Ẹ kọ ọ́ tààrà. Ẹ má kọ "ìṣòro nípa owó", ẹ kọ "mo mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú owó ọjà ọ̀gá mi".
2. Ẹ kọ ẹni tó kàn.
3. Ẹ kọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.
4. Tẹ́ ẹ bá rí "torí pé" nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ fi bírò pa á rẹ́.

Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ máa ń dà láàmú jù, tó jẹ́ pé ó lè kọ ojú ìwé mẹ́wàá kó má sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó kọ mẹ́ta péré kó pa ìwé dé. Tó bá ṣì ń bẹ̀rù lẹ́yìn ìyẹn, tó ń jẹ́wọ́ nǹkan kan náà lójoojúmọ́ tọ́kàn ẹ̀ ò balẹ̀, kó lọ bá àgbà tó ní sùúrù, kó sì rí dókítà, ó lè jẹ́ àìsàn àníyàn ló ń bá a jà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ọ̀nà tó ń gbà wọlé

Níwájú ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ dáhùn mẹ́rin yìí:

- Aago mélòó ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀?
- Ibo lẹ máa ń wà?
- Ta lẹ máa ń wà pẹ̀lú, àbí ẹ̀yin nìkan ni?
- Kí ló ṣẹlẹ̀ ní bíi wákàtí kan ṣáájú?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Arábìnrin tó máa ń purọ́ iye owó ọjà fún ọkọ ẹ̀, tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ á rí i pé kò bẹ̀rẹ̀ lórí irọ́ rárá, orí ìbẹ̀rù ló ti bẹ̀rẹ̀, torí lọ́jọ́ tó sọ òótọ́ gbogbo owó yẹn ló lọ. Ó ṣì máa jẹ́wọ́ irọ́ yẹn, àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó sọ̀rọ̀ owó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún purọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Arákùnrin tó ń wo àwòrán ìhòòhò á rí i pé dátà òru tó máa ń rà nítorí pé ó pọ̀ lówó pọ́ọ́kú ni, pẹ̀lú pé ó ti bá ẹnì kan jà níbi iṣẹ́ lójọ́ yẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú ẹyọ kan

Ẹyọ kan péré. Tí mẹ́ta bá wà nínú ìwé, èwo lẹ máa mú ṣáájú? Lójú tèmi, èyí tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń jìyà ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Owó olówó ṣáájú èrò inú. Èyí tó ń dójú tì yín jù ni ọkàn máa ń fẹ́ kọ́kọ́ sá lọ bá, ọ̀pọ̀ ìgbà ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni, kí alájọ tó kó owó èèyàn jẹ máa wá sunkún lórí èrò inú ẹ̀ nígbà tí ìyá oníyàá ń wá owó tó fẹ́ fi ra oògùn, kò tọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, ní pàtó

Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jókòó, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ bó ṣe wà: "Baba, lọ́jọ́ báyìí mo sọ báyìí nípa lágbájá, irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ẹ dárí jì mí nítorí Jésù." Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. 1 Jòhánù 1:9 ṣèlérí ìdáríjì fún ẹni tó jẹ́wọ́, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má padà wá tún un jẹ́wọ́ lọ́la bíi pé Ọlọ́run ò gbọ́ tàná.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ sọ fún èèyàn kan

Ibí ló le jù, mo sì mọ ìdí. Ìlú wa ò tóbi. Ní Ìpẹru, Ìṣarà tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, pásítọ̀ yín lè jẹ́ àna yín, ìyàwó ẹ̀ sì lè jẹ́ ìyá oníbàárà yín. Síbẹ̀ Jákọ́bù 5:16 ní ká jẹ́wọ́ fún ara wa, ohun tẹ́ ẹ sì ti sọ sétí ẹnì kan ò lágbára tó bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Torí náà ẹ fara balẹ̀ yan èèyàn.

Ẹni tó yẹ:

- Ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin.
- Ẹni tó dàgbà jù yín lọ nínú ìgbàgbọ́, tí ẹ̀rù ò ní bà láti bá yín wí.
- Ẹni tí ò jẹ yín lówó, tẹ́ ẹ ò sì jẹ lówó.
- Ẹni tí ò tíì sọ àṣírí ẹlòmíì fún yín rí. Tó bá ti sọ tẹlòmíì fún yín, á sọ tiyín fún ẹlòmíì.

Tí ò bá sẹ́ni tó yẹ nínú ìjọ yín, ẹ wá ẹnì kan ní ìlú míì. Ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè rí àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn. Ẹ pè é, ohùn sí ohùn. Ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí ohun tẹ́ ẹ kọ lẹ́nikẹ́ni lè fi ránṣẹ́ síwájú.

Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ ọ́: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, mi ò sì fẹ́ kó dé ibòmíì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń wo àwòrán ìhòòhò lóru. Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe ni pé kẹ́ ẹ máa bi mí ní gbogbo Sátidé, kẹ́ ẹ bi mí tààrà." Ó parí. Ẹ má sọ ìtàn ẹ̀ ní kíkún, ẹ má ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ rí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n sọ ọ́ fún, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pariwo "ha! ìwọ!", ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé ó sọ ọ́, ẹ bi í pé "kí lo fẹ́ ṣe nípa ẹ̀?", ẹ gbàdúrà kúkúrú, ẹ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún bi í.

Àwọn tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún: ẹni tọ́kàn yín ń fà sí, ẹ má lọ bá arábìnrin yẹn sọ pé ẹ ń ro èròkérò nípa ẹ̀, ẹ ti di ẹrù ru ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Ẹni tẹ́ ẹ ń ṣe ìlara ẹ̀ tí ò mọ nǹkan kan, òun náà ò nílò ẹ̀, ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lóore. Àti gbogbo ìjọ lápapọ̀, ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀rí nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù.

Àgbèrè lọ́tọ̀. Ọkọ tàbí aya yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ láàárín ìjà, ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ, ẹ má sì fi lórí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ rí àgbà ìjọ tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì takété síra yín títí èsì á fi jáde.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dá ohun tẹ́ ẹ mú padà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá ìtúsílẹ̀ fún ohun tó jẹ́ pé owó ni wọ́n máa san. Wọ́n á lọ sórí òkè, wọ́n á da omi àdúrà sára, owó alájọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Léfítíkù 6:1-5 tò ó síbẹ̀ kedere: ẹni tó jẹ ohun tí wọ́n fi sí i níkàáwọ́, ẹni tó fipá gbà, ẹni tó rí nǹkan he tó sẹ́, kó dá a padà, kó sì fi ìdá márùn-ún ẹ̀ lé e. Sákéù ní tiẹ̀ sọ pé ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san (Lúùkù 19:8), kò sẹ́ni tó fipá mú un.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Tẹ́ ẹ bá mú ₦40,000, ìdá márùn-ún ẹ̀ jẹ́ ₦8,000, àpapọ̀ ₦48,000.

1. Ẹ kọ iye tó jẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá rántí dáadáa, ẹ kọ èyí tó pọ̀ jù, ẹ má kọ èyí tó kéré.
2. Ẹ lọ bá olówó fúnra yín. "Ìyá, owó àjọ yín tí mo sọ pé ó sọ nù nígbà yẹn, kò sọ nù, èmi ni mo ná an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rèé, màá máa mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá ní gbogbo ìparí oṣù títí á fi pé."
3. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbà á. Ẹ má dọ́gbọ́n sọ ìṣòro yín kó lè fojú fo ó dá. Tó bá fojú fo ó dá láti inú ara ẹ̀, ẹ dúpẹ́.
4. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i tó bá jẹ́ owó ńlá.

Tí wàhálà òfin bá lè tẹ̀ lé e, bíi owó ilé iṣẹ́ tàbí owó ìjọba, ẹ wá lọ́yà kẹ́ ẹ tó lọ. Ìyẹn ò sọ ìrònúpìwàdà yín di yẹpẹrẹ. Ọ̀rọ̀ iná tó ń yí mítà kọjá náà, ẹ má fọwọ́ ara yín tú u, ó lè pa yín, ẹ ké sí àwọn iléeṣẹ́ iná, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín, ẹ múra ẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ibi tó ti máa ń dí:

- *Olówó ti kú.* Ẹ san án fáwọn ọmọ ẹ̀. Tí ò bá ní ẹbí kankan, Númérì 5:8 ní kí wọ́n gbé e fún Olúwa lọ́wọ́ àlùfáà, kẹ́ ẹ fi ran aláìní lọ́wọ́ nípasẹ̀ ìjọ láìsọ pé ọrẹ yín ni.
- *Àwọn oníbàárà tí kóńgò ti rẹ́ jẹ pọ̀ jù, ẹ ò mọ̀ wọ́n.* Ẹ sọ kóńgò yẹn nù lónìí, ẹ lo èyí tó pé, kẹ́ ẹ sì máa bu ẹ̀kúnwọ́ sí i fún oníbàárà fún sáà kan. Ẹ má tà á fún ẹlòmíì!
- *Orúkọ èèyàn lẹ bà jẹ́.* Ẹ padà lọ bá ẹni tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ pé "ohun tí mo sọ nípa lágbájá lọ́jọ́sí, kì í ṣe òótọ́" tàbí "kò yẹ kí n sọ ọ́". Ìyẹn ló máa ń dun èèyàn jù, àmọ́ òun ló máa ń jẹ́ kẹ́nu mọ́ra lẹ́yìn náà.
- *Ẹ ò lówó rárá.* Ẹ lọ sọ fún olówó lónìí náà, ẹ má dúró dìgbà tówó bá pé. Ẹ́fésù 4:28 ní kí ẹni tó ń jalè ṣiṣẹ́, kó lè ní ohun tó máa fún ẹlòmíì.

Ẹ má sì san owó olówó bí ìdá mẹ́wàá sínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ sọ pé ó ti tán. Jésù bá àwọn tó ń pe ohun tó tọ́ sí òbí wọn ní Kọ́bánì, ìyẹn ohun tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, wí (Máàkù 7:11), ohun kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dí ọ̀nà

Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2, ẹ wo aago àti ibi tẹ́ ẹ kọ, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn.

Tó bá jẹ́ fóònù: ẹ má ra dátà òru mọ́. Ẹ máa gbé fóònù sí pálọ̀ láti aago mẹ́sàn-án, ẹ ra aago kékeré tó máa jí yín. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá Digital Wellbeing, ẹ fi àkókò sí àwọn app tó ń kó bá yín. Lórí iPhone, Screen Time ni wọ́n ń pè é, ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ sọ fún bá yín tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí àwọn chat tẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì lórí WhatsApp, èyí tẹ́ ò bá lè jẹ́ kí ọkọ tàbí aya yín kà, ẹ mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe sí i.

Tó bá jẹ́ òfófó: ẹ kúrò nínú group yẹn, tàbí kẹ́ ẹ pa ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lójúkojú, ẹ sọ pé "ẹ jẹ́ ká pè é, ká bi í" kẹ́ ẹ mú fóònù jáde. Ọ̀rọ̀ á yí.

Tó bá jẹ́ irọ́: ẹ dá ara yín lẹ́kun nínú wákàtí kan náà. "Ẹ má bínú, mo ní mo ti wọ Sábó, n ò tíì kúrò n'Ílíṣàn." Ẹ ṣe é fún oṣù kan, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọtí líle tàbí kódìn tẹ́ ẹ ń mu ní kọ̀rọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró lójijì nílé tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́, gbígbọ̀n àti gìrì lè tẹ̀ lé e, ó sì ti pa èèyàn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró sì wà ní Abẹ́òkúta tó ń tọ́jú irú ẹ̀. Kéèyàn lọ síbẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀

Lálẹ́ Sátidé, kẹ́ ẹ tó wá aṣọ Sọ́ńdè sílẹ̀:

- Ṣé mo padà sídìí ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí? Ìgbà mélòó?
- Ṣé ẹni tí mo sọ fún bi mí, àbí mo sá fún ìpè ẹ̀?
- Ṣé mo san owó tó yẹ kí n san?
- Ṣé ẹnì kan wà nínú ilé yìí tí n ò bá sọ̀rọ̀?

Tí ìdáhùn sí ìkẹyìn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ yanjú ẹ̀ lálẹ́ yẹn, Mátíù 5:23-24 ní ká fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ká kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa rẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kéèyàn máa sọ pé "bí mo bá ṣẹ yín, ẹ má bínú". Kò sí "bí" níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ ẹ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe.

Kéèyàn gbé gbogbo ẹ̀ ka èṣù tàbí ayé lórí. Àwọn ará ilé lè máa bá yín jà lóòótọ́, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ayé kọ́ ló tẹ páálí sínú kóńgò.

Kéèyàn wá máa ṣọ́ àwọn ẹlòmíì torí òun ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú òfófó tó wá ń ka òfófó sáwọn ẹlòmíì lọ́rùn, ó ti padà síbẹ̀ láìmọ̀.

Kéèyàn fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀ sínú Bíbélì. Tẹ́ ẹ bá ti san gbèsè, tẹ́ ẹ ti sọ fún ẹni tó yẹ, ẹ sun ún. Àfi ìwé owó tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, ìyẹn ẹ tọ́jú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tún ṣubú

Ọ̀pọ̀ á tún ṣubú, mo ń sọ ọ́ kó má bàa yà yín lẹ́nu. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé ló ṣe pàtàkì.

1. Ẹ jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de Sọ́ńdè.
2. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ sọ fún kó tó pè yín. "Bọ̀dá, mo ṣubú lálẹ́ àná." Kí ìpè yẹn má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.
3. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ ọ̀nà míì, ẹ dí òun náà.
4. Ẹ má fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe nínú ìjọ sílẹ̀ fúnra yín láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gbà á lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ sọ fún bá yín pinnu ẹ̀. Tó bá jẹ́ akápò tó tún fọwọ́ kan owó ìjọ ni, kò sí ohun à ń bá ẹnikẹ́ni pinnu níbẹ̀: kó gbé kọ́kọ́rọ́ àti ìwé owó fún àwọn àgbà ìjọ lọ́jọ́ yẹn, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ 6 láti orí.